Ìka Aránwèé Lórí Gíláàsì

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Ìyá Aránwèé fi ń rán ìwé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ìlú, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí pé mélòó ló kà nínú wọn. Bí wọ́n bá bi í, òótọ́ ni ì bá sọ: kò pé ogún. Aránṣọ kì í wọ gbogbo aṣọ tó bá rán. Ó máa ń sọ ọ́ láìṣẹ́jú, bí ẹni pé òfin ìjọba ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n mú un wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ẹ̀rín kì í pa àfi tí ẹ̀yìn ìwé bá ya lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ìwé tó ti gbó palẹ̀ láìjẹ́ kí ewé kan sọnù, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú so ó padà, bí wọ́n ṣe ń po gọ́ọ̀mù tí kò ní le jù tí kò sì ní ṣàn jù, àti bí wọ́n ṣe ń fi egungun pẹlẹbẹ tẹ ìṣẹ́po bébà títí yóò fi jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó kọ́ ọ ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, oṣù kan gbáko ló fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Ọwọ́ tó bá fẹ́ kan ìwé iyebíye, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á wá fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì pa á, kí òógùn àti ọ̀rá ara má baà dé ojú ewé. Ẹni tó bá sì tọ́ ìka lá kó tó ṣí ìwé, onítọ̀hún ti dá ọ̀ràn. Ọ̀gá gbà pé itọ́ ni bàbá kòkòrò. Ọmọọṣẹ́ náà gba ẹ̀kọ́ yìí débi pé, nígbà tó dàgbà tán, ó gbá adájọ́ kan lọ́wọ́ nínú ilé ìkàwé nítorí itọ́. Adájọ́ náà ló tọrọ àforíjì.

Òwú, egungun àti ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ọwọ́ lóore. Nígbà tí ogójì ọdún fi máa pé, ojú ìka rẹ̀ ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ilé ìkàwé wá ra ilẹ̀kùn tuntun kan tó ń fi àtàǹpàkò dá òṣìṣẹ́ mọ̀. Gbogbo ènìyàn tẹ̀ ẹ́, gbogbo ènìyàn wọlé. Ìyá Aránwèé tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ń wò ó. Ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ilẹ̀kùn ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn wọ́n fún un ní káàdì.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni Bàbá Ọ̀bẹ wí. Bàbá Ọ̀bẹ ni ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ ìgéwèé nínú yàrá kan náà, wọ́n sì ti jọ wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. "Ilẹ̀kùn yẹn mọ̀ yín dáadáa. Ó ń yẹra fún yín ni. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ adájọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ń fi ìka dá ènìyàn mọ̀, òun kò sí nínú àwọn tó ń wá. Fóònù oníbọ́tìnì ló ń lò. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì, bọ́tìnì á lọ sísàlẹ̀, á sì padà wá sókè. Ó ní ohun tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé, bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti kó jáde. Àbíkẹ́yìn, obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ kan tí ìyá rẹ̀ kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìwé ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n orí gíláàsì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn gbé ìwé bébà lọ sórí gíláàsì bí ẹni gbé àga láti pálọ̀ lọ sí yàrá. Ìwé tiwọn, bí ìka kò bá kàn án, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ a máa sọ fún àdúgbò pé, "Iṣẹ́ gíláàsì ni ọmọ mi ń kọ́." Ìdajì àdúgbò rò pé fèrèsé ló ń tún ṣe. Ẹni méjì ti ránṣẹ́ pè é.

Bàbá wọn ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Apínlẹ́tà ni, ọkùnrin tó mọ ojúlé gbogbo ìlú sórí bí ẹni mọ àdúrà. Ọdún méjì ni ọpọlọ rẹ̀ fi tú palẹ̀ kó tó lọ, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn òpópónà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ṣíbí, àga, fèrèsé. Ìyá Aránwèé ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbé e lé ife, á ní, "Kí nìyí?" Nígbà tí ọwọ́ bá wà lára nǹkan, orúkọ rẹ̀ a máa jáde. Àbíkẹ́yìn wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà nígbà náà. Ìsinmi dé ìsinmi ló ń rí bàbá rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì dé, bàbá ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún yìí, àwọn olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwé kan tí ará ìlú máa wá fọwọ́ kàn nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, àbíkẹ́yìn gbé wàláà onígíláàsì kan ka iwájú ìyá rẹ̀ lórí tábìlì.

"Màámi, ìwé mi ti parí."

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀."

Ìyá gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Yàrá wa ni mo yà. Àga wọn, ife wọn, báàgì lẹ́tà wọn. Ẹ ó fi ìka kan nǹkan kan, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sì sọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, wọ́n á gbàgbé." Ọmọ náà ń fọwọ́ fa etí aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Màámi. Èmi kò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ará ìta kàn án kí ẹ tó kàn án. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn olùkọ́ máa gbà á lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbé e jáde. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe."

Ìyá Aránwèé fi aṣọ mímọ́ wé wàláà náà, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ lọ́sàn-án, ó palẹ̀ tábìlì mọ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó nù ún títí ó fi gbẹ táútáú, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì pa á dé ọrùn ọwọ́. Kò tíì múra tó bẹ́ẹ̀ fún ìwé kankan rí, títí kan èyí tó pé igba ọdún tí àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ tí wọ́n sì gbé wá. Ilẹ̀kùn kan wà lójú gíláàsì, ilẹ̀kùn ilé wọn gan-an, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀: Wọlé.

Ó fi ìka kàn án. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kejì gbìyànjú, ó fi ìkẹta, ó pààrọ̀ ọwọ́. Ó rò pé bóyá ọwọ́ òun kò tíì mọ́ tó, ó bá tún lọ fọ̀ ọ́, ó tún nù ún, ó tún fi ṣọ́ọ̀kì pa á. Gíláàsì ń wò ó bí ilẹ̀kùn ọjọ́sí ṣe wò ó.

Ó jókòó. Kì í ṣe gíláàsì ló ká a lára. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta gbogbo ìlú á wọlé lọ bá a, olófòófó àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, òun tó bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni kò ní rí ọ̀nà wọlé.

"Ẹ ti kà á?" ni Bàbá Ọ̀bẹ béèrè.

"Kò ṣí fún mi."

"Ẹ sọ fún ọmọ náà nígbà náà."

"Bí mo bá sọ fún un, á ní òun ò gbé e jáde mọ́. Ọdún kan ló fi ṣe é, Bàbá Ọ̀bẹ. Torí pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti di pákó, ṣé kí iṣẹ́ ọmọ wá ṣègbé?"

Bàbá Ọ̀bẹ pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa àga, ó sì fi ohùn onímọ̀ràn sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́. Iṣẹ́ mi ni láti gé etí ìwé tuntun kí àwọn ewé rẹ̀ lè ya ara wọn. Ṣé ẹ mọ iye ẹni tó ti wá síbí wá yin ìwé tí mi ò tíì gé? Ewé ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìbejì, wọ́n ní àwọn ti kà á tán. Gbólóhùn méjì ni wọ́n ń lò. Àkọ́kọ́: 'Ó wọ̀ mí lára.' Ìkejì: 'Mo ní láti tún ibì kan kà lẹ́ẹ̀mejì.' Bí wọ́n bá wá fẹ́ fún yín lọ́rùn, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ wo fèrèsé. Mi ò rí ẹni tó bi olùwòfèrèsé ní ìbéèrè rí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màámi, ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á."

"Ó ti wá rí?"

"Ó wọ̀ mí lára."

"Ibo ló wọ̀ yín lára?"

Bàbá Ọ̀bẹ kò kọ́ ọ dé ibí yìí. "Gbogbo rẹ̀ ni," ni Ìyá Aránwèé wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ìparí rẹ̀ náà dára. Àárín ló wá so wọ́n pọ̀."

"Ìparí èwo? Mẹ́rin ló ní."

Ìyá Aránwèé mí kanlẹ̀, ó wo fèrèsé. Ọmọ náà wo fèrèsé pẹ̀lú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ògiri aládùúgbò lọ.

"Gbé e jáde, ọmọ mi," ni ìyá wí níkẹyìn. "Ó dára."

Ẹni tó bá purọ́ pé òun ti ka ìwé bébà, ìwé náà á bò ó láṣìírí. Ogójì ọdún ni obìnrin yìí fi bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé, ìwé tó mọ gbogbo ẹni tí kò kà á, tó sì panu mọ́ bí ìyàwó àgbà. Kò mọ̀ pé ìwà ti gíláàsì yàtọ̀. Gbogbo ìgbà tí ìka bá kàn án ló ń kọ sílẹ̀: ibi tí ìka dé, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ibi tó ti sá kúrò. Òǹkàwé rò pé òun ń ka ìwé, ìwé náà ń ka òǹkàwé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àbíkẹ́yìn wọ yàrá ìránwèé, wàláà tó ti gbà padà nílé wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Màámi, òdo ló wà níbẹ̀."

"Òdo kí ni?"

"Iye ìgbà tí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ ò wọlé rárá. Ilẹ̀kùn ò ṣí."

Bàbá Ọ̀bẹ ta ẹ̀rọ rẹ̀ jí. Ó ń gé, ó ń gé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí bébà lẹ́nu ẹ̀rọ yín."

"Abẹ ni mò ń dán wò, ọmọ wa," ni Bàbá Ọ̀bẹ wí, ó sì pa á.

Ojú ọmọ náà ti pọ́n. "Bí ẹ ò bá fẹ́ rí wọn, ẹ ì bá sọ fún mi. Mo mọ̀ pé mi ò sí nílé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ìyà rẹ̀, èmi wá ń fi ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lè bínú sí mi, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ ní ó wọ̀ yín lára! Kí ẹ wá wo fèrèsé! Bàbá Ọ̀bẹ ló kọ́ yín nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn nígbà tí mo fi ewì mi hàn wọ́n lọ́mọ ọdún méjìlá."

Bàbá Ọ̀bẹ wo fèrèsé.

"Mi ò ní gbé e jáde," ni ọmọ náà wí.

"Kò gbà mí wọlé," ni ìyá rẹ̀ fèsì.

"Kí ni kò gbà yín wọlé?"

"Gíláàsì rẹ. Ọwọ́ mi ti kú, kò gbọ́ ọ mọ́."

"Màámi, ọmọ ọdún méjì ń ṣí i. Ológbò olùkọ́ wa ṣí i."

"Ológbò kò rán ìwé rí."

Ọmọ náà gbé wàláà kalẹ̀ lórí tábìlì. "Ó dára. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Ìyá Aránwèé dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún. Ó ki ọwọ́ bọ inú agolo ṣọ́ọ̀kì.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń múra láti ṣí ìwé. Àbí ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣí ìwé níbi tí o ti ń kẹ́kọ̀ọ́?"

Ó gbé ìka lé ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn kò mira. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú àmì funfun roboto kan ló kù lórí gíláàsì, kò ní ìlà kankan nínú. Ọmọ náà wò ó. Ó tún wo agolo. Ẹ̀rín gbà á lójijì, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nù.

"Màámi, ọ̀rinrin ara ènìyàn ni gíláàsì yìí ń wá. Òógùn! Òun ló fi ń mọ̀ pé alààyè ló kan òun. Ohun tó ń wá gan-an lẹ fi ọṣẹ fọ̀ dànù, tí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì lé e."

Ọ̀rọ̀ náà gba ìṣẹ́jú kan kó tó wọlé. Obìnrin tó ti ń dáàbò bo ìwé lọ́wọ́ òógùn láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti rí ìwé tí òógùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe wàyí?"

"Ẹ tọ́ ìka yín lá."

Ìyá Aránwèé wo ìka rẹ̀, ó wo gíláàsì.

"Níbí?" ni Ìyá Aránwèé béèrè. "Itọ́? Lórí ìwé?"

"Tàbí omi. Omi náà á ṣe é."

Abọ́ omi kan wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fi ń rọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lẹ́yìn ìwé. Bàbá Ọ̀bẹ kọjú sí ògiri. Ó ní ohun kan wà tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ fojú rí lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Aránwèé fọ ṣọ́ọ̀kì dànù, ó ti ìka àárín bọ omi, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e lé ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Yàrá wọn ni. Àga rẹ̀ ló wà lápá òsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rì bó ṣe rì. Ìyá fọwọ́ kan ife. Lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìka rẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn: Ife. Ife mi ni. Etí rẹ̀ kán ní ọjọ́ tí àkọ́bí wa kọ́ eré sísá, mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Ó gbé ìka kúrò. Gbólóhùn náà parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ife kù síbẹ̀, kò jẹ́ nǹkan kan.

Ó lọ sórí àga. Ó lọ sórí fèrèsé, tí ọmọ náà ti fi ìrì bò, tí ó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń nù ún ni ọ̀rọ̀ ń hàn. Ó wá dé orí báàgì lẹ́tà. Orúkọ òpópónà bẹ̀rẹ̀ sí tò jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ọkùnrin náà ṣe ń kà wọ́n láàárọ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá Aránwèé kò gbé ìka kúrò. Orúkọ mẹ́wàá, orúkọ ogún. Ìka ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ṣùgbọ́n omi ti ń gbẹ lórí rẹ̀, àwọn orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí já. Ọ̀kan fò. Ọ̀kan wá ní ìlàjì. Gbogbo rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó yọwọ́.

"Èyí tó kẹ́yìn yìí," ni ó wí, "ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ìka yín ló gbẹ."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ni ìyá wí. "Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń lọ."

Ìyá nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"O fẹ́ òótọ́, àbí o fẹ́ fèrèsé?"

"Òótọ́, Màámi."

"Irọ́ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ kì í gbàgbé kíá báyìí. Bí mo bá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ife, ọ̀rọ̀ náà kì í lọ lẹ́sẹ̀kan náà. Mo lè ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí n máa gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: ife, ife, ife. Bí ẹni tó gbé ẹrù tí kò fẹ́ kó bọ́. Lẹ́yìn náà ni á wá bọ́. Tìrẹ yìí, bí ìgbà tí wọ́n pa iná ni. Ẹni tó ń wá nígbà ìsinmi ló rí i bẹ́ẹ̀, torí ìwọ, bí o bá dé, ó ti bọ́ tán. Ọdún méjì ni bàbá rẹ fi gbìyànjú. Ìgbìyànjú yẹn ni mi ò rí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ, ó hàn lójú rẹ̀. Ó yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó fi okùn so ó mọ́ wàláà, ó sì jókòó sí orí àga Bàbá Ọ̀bẹ láìtọrọ àyè.

"Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á," ni ìyá wí.

"Mo mọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni kí n fi sí i lẹ́yìn tí ìka bá kúrò?"

"Mi ò ka ìṣẹ́jú àáyá. Fi sí i, n ó sọ fún ọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á tẹ nǹkan, ìyá á ti ìka bọ omi, á kan ife, á gbé ìka kúrò, á dijú.

"Kò tó."

Ó tún un ṣe.

"Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ìgbéraga ni. Kò rántí tó bẹ́ẹ̀."

Ó tún un ṣe.

"Ó ń parẹ́ lápapọ̀. Má jẹ́ kó parẹ́ lápapọ̀. Jẹ́ kó máa já kó máa padà, kí ọ̀kan tó kẹ́yìn kéré ju tàwọn tó kù lọ."

Láàárín èyí àti òmíràn, ìyá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. "Ìwé tí mo rán ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì ń ṣí. Èyí ń kọ́? Bí ẹ̀rọ yìí bá kú, ta ló máa tún un rán?"

"Mi ò mọ̀, Màámi. Èyí tí àwọn olùkọ́ wa ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀rọ kankan ò ṣí i mọ́. Bóyá ẹlòmíràn á tún tèmi kọ fún ẹ̀rọ tuntun. Bóyá kò ní sí ẹni tó máa rántí."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ń kọ ọ́?"

Ọmọ náà kò gbójú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ mọ̀ pé bàbá mi máa gbàgbé ife, ẹ sì ń bi wọ́n láràárọ̀."

Ìyá Aránwèé tún fa abọ́ omi mọ́ra. Ó ti ìka bọ omi.

Bàbá Ọ̀bẹ, tí wíwo ògiri ti sú, sún mọ́ wọn. "Ṣé mo lè bi yín ní nǹkan kan? Àwọn wo ni ẹ fi dán ìwé yìí wò, ọmọ wa?"

"Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Ìka akẹ́kọ̀ọ́, tí kò ṣiṣẹ́ rí! Bíríkìlà ń kọ́? Káfíńtà ń kọ́? Alágbàfọ̀? Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún wọn? Àbí ológbò?"

Ọmọ náà dúró. Ó wo ọwọ́ Bàbá Ọ̀bẹ, ó wo ti ìyá rẹ̀, ó wo tirẹ̀. Ó ní agbára ìgbọ́ràn gíláàsì náà ṣeé fi kún, kó lè máa gbọ́ ọwọ́ tó gbẹ. Kò kàn sí ẹni tó béèrè rí ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ọ̀bẹ na ìka tirẹ̀, ó kan ife, ó sì gbé e kúrò. Ọ̀rọ̀ náà dúró, ó já, ó padà, ó tún já. Ife. Ife. If. Bàbá Ọ̀bẹ ṣí fìlà rẹ̀. Kò wo fèrèsé.

"Ibẹ̀ yẹn," ni Ìyá Aránwèé wí. "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Gbé e jáde."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Tábìlì mẹ́sàn-án ni wọ́n tò, ìwé kọ̀ọ̀kan wà lórí tirẹ̀. Ìyá Aránwèé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọmọ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó ń wo bí àjèjì ṣe ń wọlé ọkọ rẹ̀. Ó ti rò pé yóò dun òun. Ó yà á lẹ́nu pé ìka àwọn ènìyàn ń rọra lọ, bí ẹni tó wọ ilé onílé.

Ọkùnrin sìǹgbọ̀nlẹ̀ kan dé, tó gbé báàgì ńlá kọ́ apá, ọwọ́ rẹ̀ le bí pátákó, ìkánjú sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí fún un. Ó kan ife, ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó sì ti ń yí padà láti máa lọ nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lójú gíláàsì, tó ń já, tó ń padà. Ó nawọ́ sí i fún Ìyá Aránwèé.

"Ìyá, nǹkan yín ti bàjẹ́ o. Mo ti gbé ọwọ́ kúrò, kò lọ."

"Kò bàjẹ́, ọ̀gá," ni Ìyá Aránwèé wí. "Ó ń gbìyànjú ni."

Ọkùnrin náà wo gíláàsì. Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì dúró dè é.